Aṣọ Pupa Lórí Díńgí Píkọ́ọ̀pù

Kí píkọ́ọ̀pù náà tó yọ lẹ́nu ọ̀nà ọgbà wa ni mo ti gbọ́ ọ. Ó ń hùn. Kì í ṣe ariwo ẹ́ńjìnnì, kì í sì í ṣe ti sàlẹ́ńsà tó lu. Ó dà bí ohùn ọkùnrin méjì tí wọ́n ń kọ orin kan náà nínú yàrá tí ilẹ̀kùn rẹ̀ wà ní títì, tí ohùn wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ bára mu ṣùgbọ́n tí kò bára mu. Mo sọ sípánà ọwọ́ mi kalẹ̀. Mo wo apá ọ̀tún, mo rí i pé ìyàwó àbúrò mi náà ti gbé orí sókè lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì tó wà. Òun náà ti gbọ́. Bóyá ó tilẹ̀ ti gbọ́ ọ ṣáájú mi.

Ohun tó mú mi sáré nìyẹn. Èmi, àgbàlagbà ẹni ọdún méjìdínláàádọ́ta, akọrin ohùn ìsàlẹ̀ nínú ìjọ, mo sáré bí ọmọ ilé-ìwé tí wọ́n lu aago oúnjẹ fún. Kí ọkọ̀ náà tó dúró dáadáa, mo ti fa aṣọ pupa yọ lápò ẹ̀yìn mi, mo ti fi kọ́ díńgí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ní ṣọ́ọ̀bù wa, mẹkáníìkì kọ̀ọ̀kan ló ní àwọ̀ aṣọ ìnuwọ́ tirẹ̀. Tèmi pupa, ti ìyàwó àbúrò mi jẹ́ àwọ̀ ewé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé epo ti fẹ́ sọ gbogbo rẹ̀ di dúdú. Ẹni tó bá fi aṣọ rẹ̀ kọ́ díńgí ọkọ̀ kan ló ni iṣẹ́ ọkọ̀ náà. Ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, kò gbọdọ̀ yọjú sábẹ́ rẹ̀, àfi bí ẹni tó ni aṣọ bá mú un kúrò fúnra rẹ̀. Ọ̀gá ló ṣe òfin yìí ní ọdún tí ènìyàn méjì jọ tú ẹ́ńjìnnì kan, tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò sì mọ ibi tí bóòtì mẹ́ta wọlé sí. Òfin rere ni. Ṣùgbọ́n kò sí òfin tó dára tó bẹ́ẹ̀ tí ọkàn búburú kò lè rí ibi sá pamọ́ sí lẹ́yìn rẹ̀.

Obìnrin tó wa ọkọ̀ náà sọ̀ kalẹ̀. Kékeré ni, ọkọ̀ sì ga. Ó ní láti yí ẹ̀yìn padà kí ó tó lè sọ̀. Nọ́ọ̀sì ni. Òun ló máa ń gbé àwọn aboyún láti àwọn abúlé ẹ̀yìn òkè wá sí ilé ìwòsàn. Oṣù méjì ṣáájú ni èmi fúnra mi gbé ọkọ̀ náà ga sókè fún un, mo fi irin sí abẹ́ sípíríǹgì, mo fi táyà ńlá sí i, kí omi odò má bàa máa wọ inú rẹ̀. Táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń yí nígbà tí ọ̀nà bá burú.

"Ọkọ̀ mi yìí ti di ẹlẹ́kún o," ni Nọ́ọ̀sì wí. "Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó ti ń sunkún. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́, á ké. Bí mo bá fẹsẹ̀ sílẹ̀, á dákẹ́. Aboyún tí mo gbé ní Sátidé bi mí pé, 'Nọ́ọ̀sì, ṣé èmi ni mò ń ké ni, àbí ọkọ̀?'"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ìyàwó àbúrò mi kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo abẹ́ ọkọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, ó tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Nígbà tó rí aṣọ pupa, ó padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ kan fi di ọ̀rọ̀ ẹ̀mí sí mi lára. Ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn kan náà, tí í ṣe ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn àdúrà, Ọ̀gá dìde láàárín wa. Etí òsì rẹ̀ ti kú láti ọdún mẹ́ta, ọ̀tún sì ti ń tẹ̀lé e. Ó ní ó ti rẹ òun. Ó ní bí iṣẹ́ bá parí ní ọjọ́ Ẹtì, òun yóò fa ọ̀pá òun lé ẹni tí yóò máa ṣe olórí ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́. Ọ̀pá náà jẹ́ igi líle tó gùn tó apá ènìyàn, tí ọwọ́ àti epo ti mú dán bíi gíláàsì. Ọ̀gá a máa fi orí rẹ̀ kan mọ́ irin, a fi èkejì ti egungun etí rẹ̀, yóò sì sọ fún ọ ibi tí àìsàn ọkọ̀ wà bí ẹni ń ka lẹ́tà. Kò dárúkọ ẹni tí yóò fún. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé ẹni méjì péré ni ọ̀rọ̀ náà wà láàárín wọn.

Èmi ti wà níbẹ̀ fún ọdún mọ́kàndínlógún. Ìyàwó àbúrò mi, ọdún márùn-ún.

Èmi ni mo sì mú un wá! Nígbà tí ilé-iṣẹ́ ìránṣọ tó ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ kógbá wọlé, àbúrò mi wá bá mi pé, "Bọ̀dá mi, ẹ bá mi wá nǹkan fún ìyàwó yín o. Gbogbo ohun tó bá ti ń dún nínú ilé ló ń tú." Òótọ́ ni. Ó ti tú fáànù, ó ti tú ẹ̀rọ ìfọṣọ, ó sì ti tún wọn tò, wọ́n sì dákẹ́. Mo rẹ́rìn-ín, mo mú un lọ bá Ọ̀gá. Èmi ni mo kọ́ ọ bí a ṣe ń di sípánà mú. Ìyàwó ilé kì í pe ẹ̀gbọ́n ọkọ lórúkọ, nítorí náà Olóhùn-iyọ̀ ló ń pè mí, nítorí ohùn mi nínú ẹgbẹ́ akọrin. Mo ń wò ó nígbà náà bí ẹni tó gbin igi tí ó sì rí i tó yọ ewé. N kò mọ̀ pé inú mi kò ní dùn bí igi náà bá ga jù mí lọ.

Àwọn oníbàárà ti ń kọjá lára mi báyìí. "Elétí-ọfẹ dà?" ni wọ́n ń bi mí, ìyàwó àbúrò mi ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, bí ẹni pé èmi ni mo ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Bí Ọ̀gá bá bá a sọ̀rọ̀, yóò rẹ́rìn-ín. Bí ó bá bá mi sọ̀rọ̀, yóò mi orí. Mo ti di ẹni tí ń ka ẹ̀rín ẹlòmíràn. Èmi ni mò ń ṣáájú àdúrà òwúrọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, a sì máa ń fi orúkọ pe ẹnì kọ̀ọ̀kan níwájú Ọlọ́run, kí irin má ṣe bọ́ lé e, kí iná má ṣe jó o. Láti bí oṣù mẹ́fà, orúkọ ìyàwó àbúrò mi kò gba ọ̀fun mi kọjá mọ́. Màá pe Ọ̀gá, màá pe Jórinjórin, màá pe rewáyà tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe, màá pe bàbá tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, lẹ́yìn náà màá wí pé, "Àti àwọn yòókù, Olúwa." Mo rò pé kò sẹ́ni tó ṣàkíyèsí.

Mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lára píkọ́ọ̀pù náà pẹ̀lú ìkánjú, ìkánjú sì ni ìyá àṣìṣe. Ní ọjọ́ Ajé, mo gbà pé bẹ́ríìnì táyà ló ti jẹ. Mo tú méjèèjì ti ẹ̀yìn, mo pààrọ̀ wọn. Ó ṣì ń hùn. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo gbà pé táyà ńlá ló ń pariwo mọ́ ọ̀nà ọ̀dà. Mo bọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo fi èyí tó wà níwájú sẹ́yìn. Ó ṣì ń hùn, bí ẹni tí ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, ìyàwó àbúrò mi wá dúró ní ìwọ̀n ìgbésẹ̀ mẹ́ta sí ọkọ̀, kò sún mọ́ ọn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀.

"Olóhùn-iyọ̀ mi, ẹ kú iṣẹ́. Ṣé kí n bá yín gbé etí sí i? Èmi á jókòó sẹ́yìn, ẹ̀yin á wa ọkọ̀."

"Ìyàwó, ṣé mo ké pè ọ́ ni?"

"Rárá sà. Ẹ má bínú."

"Ó ní ọkọ̀ tí wọ́n fi aṣọ ewé kọ́ díńgí ẹ̀. Lọ tọ́jú ìyẹn."

Jórinjórin gbọ́ ọ láti ibi tó ti ń jó irin. Ó gbé agbojú tó fi ń dáàbò bo ojú rẹ̀ sókè. "Bàbá akọrin," ló wí, "ẹ rọra o. Ẹni tí ebi ń pa kì í fi ọwọ́ ti abọ́ kúrò."

"Ta ni ebi ń pa?"

"Èmi kọ́. Èmi ti jẹun."

Bí a ṣe ń ṣe é níbi iṣẹ́ wa ni pé bí ọkọ̀ bá ń dún lójú ọ̀nà, ẹnì kan á wà á, ẹnì kan á jókòó sẹ́yìn, á fi ọ̀pá ti irin, á máa gbọ́. Kò sí ẹni tó mọ ìjókòó ẹ̀yìn yẹn bí ìyàwó àbúrò mi. Ní Ọjọ́rú, dípò kí n bẹ̀ ẹ́, Jórinjórin ni mo bẹ̀. Mo yá ọ̀pá lọ́wọ́ Ọ̀gá, mo fi í lé e lọ́wọ́, a jáde.

"Kí lo gbọ́?" ni mo kígbe bí mo ti ń wà á.

"Mo gbọ́ atẹ́gùn."

"Fi ọ̀pá ti irin, kì í ṣe fìlà rẹ!"

"Mo gbọ́ fìlà mi tó fò lọ! Ẹ dúró, ẹ dúró!"

Síbẹ̀ Ọlọ́run ṣàánú mi lọ́jọ́ náà, nítorí mo pa ìlara tì fún ìṣẹ́jú díẹ̀, mo sì gbọ́ iṣẹ́ mi. Mo yí ọkọ̀ sọ́tùn-ún, mo yí i sósì. Ohùn náà kò yí padà. Nítorí náà kì í ṣe bẹ́ríìnì, asán sì ni gbogbo làálàá ọjọ́ Ajé. Mo kúrò lórí ọ̀dà, mo bọ́ sórí yanrìn. Ohùn náà kò yí padà. Kì í ṣe táyà. Mo di ìwọ̀n eré kan mú ṣinṣin, mo sì yí jíà padà láti ẹ̀kẹta sí ẹ̀kẹrin. Ohùn ẹ́ńjìnnì sọ̀ kalẹ̀ láti lá sí fá, bí mo ti mọ̀ pé yóò ṣe. Ṣùgbọ́n ìhùn abẹ́lẹ̀ yẹn dúró síbi tó wà, kò gòkè, kò sọ̀. Nígbà náà ni mo mọ̀ pé ẹ̀yìn gíábọ́ọ̀sì ni ohun tó ń ké wà. A padà sí ọgbà, mo tú ọ̀pá irin iwájú sílẹ̀, èyí tó ń gbé agbára lọ sí àwọn táyà iwájú. A tún jáde. Ó ṣì ń hùn. Ó kù sí ẹ̀yìn.

Ní ìrọ̀lẹ́, mo sọ ọ́ fún ìyàwó mi bí mo ti ń bọ́ bàtà. Ilé àbúrò mi àti tiwa, ògiri kan náà ló pín wọn. Mo ń gbọ́ ẹ̀rín wọn. Àbúrò mi tilẹ̀ yọ orí sí wa lójú fèrèsé pé, "Bọ̀dá mi, ọ̀pá á ṣáà máa bọ̀ wá sínú ẹbí wa ni! Bó bá jẹ́ ẹ̀yin, bó bá jẹ́ ìyàwó yín, ilé kan náà ni!" Kò ní ẹ̀tàn nínú. Mo dáhùn pé, "Bẹ́ẹ̀ ni," mo sì ti fèrèsé náà.

Ìyàwó mi wò mí. "Baálé mi, ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè. Ṣé ọ̀pá yẹn lẹ fẹ́ ni, àbí kó má bọ́ sí i lọ́wọ́?"

Mo ní kí ó gbé omi wá fún mi.

Ní Ọjọ́bọ̀, mo wọ abẹ́ ọkọ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Ọ̀pá irin gígùn kan wà níbẹ̀ tó ń yí láti gíábọ́ọ̀sì lọ sí ilé eyín ẹ̀yìn, ibi tí agbára ti ń pín sí táyà méjèèjì. Àwa ń pè é ní pùròpélà. Ní ìpẹ̀kun rẹ̀ ni oríkèé kékeré kan wà tó dà bí àgbélébùú, tí a ń pè ní kírọ́ọ̀sì, òun ló ń jẹ́ kí ọ̀pá náà lè tẹ̀ bó ti ń yí. Mo tan iná sí kírọ́ọ̀sì ẹ̀yìn. Eruku pupa wà lẹ́nu rẹ̀ yí ká bí èyí tó máa ń wà létí ẹnu ọmọ tó jẹ erùpẹ̀. Irin ti ń lọ irin. Mo fi ọwọ́ mì í, ó mì.

Kírọ́ọ̀sì tuntun sì ni! Oṣù méjì péré ni. Mo rántí ẹni tó fi í sí i. Ní ọjọ́ tí mo ń gbé ọkọ̀ náà ga, Ọ̀gá ní kí n mú aṣọ mi kúrò fún wákàtí kan, kí ìyàwó àbúrò mi fi kírọ́ọ̀sì sí i, nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ yá. Lẹ́yìn tó ṣe tán, mo tún fi aṣọ mi kọ́ ọ, mo sì bá iṣẹ́ sípíríǹgì mi lọ.

Kí Ọlọ́run dárí jì mí: inú mi dùn. Mo dùbúlẹ̀ lórí ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì, epo ń kán sí mi lọ́rùn, mo sì ń rẹ́rìn-ín. Mo jáde níbẹ̀, n kò tilẹ̀ nu ọwọ́. Mo lọ bá Ọ̀gá, mo sì rí i dájú pé mo sọ ọ́ sókè, kì í ṣe nítorí etí rẹ̀ nìkan.

"Ọ̀gá, mo ti rí i. Kírọ́ọ̀sì ẹ̀yìn ni. Ẹni tó fi í sí i kò fi í sí i dáadáa."

Ìyàwó àbúrò mi wá, ó kúnlẹ̀.

"Ìwọ lo fi í sí i?" ni Ọ̀gá bi í.

"Èmi ni, sà."

"Ṣé o gún gíríìsì sí i?"

"Mo gún un, sà." Ó wo abẹ́ ọkọ̀. "Ṣùgbọ́n bí ó bá ti jẹ, ó ti jẹ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n pààrọ̀ rẹ̀ fúnra mi."

Mo mú aṣọ pupa mi kúrò lórí díńgí, mo ká a méjì, mo ká a mẹ́rin. Ìṣẹ́gun mi ni.

Ó wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ. Mo jókòó sórí páálí, mo ń mu omi, mo ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì tó yọ síta. Ó pẹ́ níbẹ̀. Kírọ́ọ̀sì kan kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tó yá, mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lábẹ́lẹ̀, jẹ́jẹ́.

"Olóhùn-iyọ̀ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi di tọ́ọ̀ṣì mú."

Mo wọlé lọ dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo ti múra láti kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́. Ó fi tọ́ọ̀ṣì lé mi lọ́wọ́, ó sì fi ìka darí ìmọ́lẹ̀ náà, kúrò lára kírọ́ọ̀sì, lọ sí abẹ́ sípíríǹgì.

Irin pẹlẹbẹ kan wà níbẹ̀, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ nípọn, èkejì tẹ́ẹ́rẹ́, bí igi tí a fi ń há ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn. Bí a bá gbé ọkọ̀ ga, pùròpélà á dagẹ̀rẹ́ sísàlẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Irin pẹlẹbẹ yìí ló ń gbé imú ilé eyín ẹ̀yìn sókè kí ó lè kọjú sí i. Bí a bá fi í sí i ní òdì, imú náà á kọjú sí ilẹ̀. Pùròpélà á sì máa yí bí ẹni tí wọ́n ṣẹ́ lọ́rùn, yóò máa hùn bí wọ́n bá ti tẹ ọkọ̀, kírọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ á sì jẹ ara rẹ̀ tán, ìbáà jẹ́ áńgẹ́lì ló fi í sí i.

Òdì ni wọ́n wà. Méjèèjì.

Èmi ni mo fi wọ́n síbẹ̀. Mo sì rántí ọjọ́ náà bí àná. Mo wà lábẹ́ ọkọ̀ yìí kan náà, aṣọ pupa mi wà lórí díńgí, nítorí náà kò sí ẹni tó lè yọjú wo iṣẹ́ mi. Ọ̀gá ń bá oníbàárà kan sọ̀rọ̀ nítòsí. Mo gbọ́ tó ní, "Obìnrin yẹn? Nígbà tí etí mi ṣì pé méjì, etí rẹ̀ àti tèmi ì bá dọ́gba." Mo dá ọwọ́ dúró, mo na etí bí ehoro. Mo fẹ́ gbọ́ bóyá yóò dárúkọ mi. Ọwọ́ mi bá iṣẹ́ lọ, ọkàn mi kò sí níbẹ̀. Bí mo ṣe fi irin méjì sí òdì nìyẹn, tí mo sì di wọ́n pa.

Omi ojú kò wá. Ooru ló wá, láti àyà dé orí.

"Ta lo ti sọ fún?" ni mo bi í.

"N kò sọ fún ẹnikẹ́ni." Ó ń wo òkè, kò wò mí. "Sípánà lásán la máa fi yí wọn padà. Bí a bá jọ ṣe é, ó ti tán kí wọ́n tó ṣíwọ́. Kírọ́ọ̀sì ni wọ́n mọ̀. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ kírọ́ọ̀sì."

"Kí ló dé?"

"Ẹ̀yin lẹ mú mi wá síbí."

Ó nu eruku pupa kúrò lójú rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀yìn ọwọ́.

"Ohun kan ni mo kàn fẹ́ bẹ̀ yín sí, Olóhùn-iyọ̀ mi. Ó tó oṣù mẹ́fà báyìí tí mo ti wà nínú 'àti àwọn yòókù.' Irin wúwo lókè orí mi níbí lójoojúmọ́. Bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa dárúkọ mi."

Mo na ọwọ́ sí sípánà. A yí irin náà padà, òun lápá òsì, èmi lápá ọ̀tún, a kò bára wa sọ̀rọ̀ mọ́ àyàfi "bá mi tì í" àti "ó ti wọlé." Nígbà tí a jáde, mo gbọ́ tí Jórinjórin ń wí fún rewáyà pé, "Ẹ ò rí i, wọ́n ti parí ìjà." Mo lọ sílé. N kò jẹun.

Ní ọjọ́ Ẹtì, Nọ́ọ̀sì dé. Òun ló wa ọkọ̀, Ọ̀gá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èmi àti ìyàwó àbúrò mi wà lẹ́yìn, ọ̀pá láàárín wa. A gun òkè, a sọ̀ ọ́. Ìyàwó àbúrò mi fi ọ̀pá ti irin, ó fi ti etí, ó rẹ́rìn-ín, ó sì nà án sí mi. Mo gbé e ti etí mi. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́ bí kò ṣe ìyípo irin lórí irin, jẹ́jẹ́, bí ìgbà tí gbogbo ohùn mẹ́rin nínú ẹgbẹ́ akọrin bá bára mu tí o kò sì lè mọ tìrẹ mọ́. Orin tí mo ti fẹ́ gbọ́ fún ọjọ́ márùn-ún nìyẹn, kò sì dùn mọ́ mi.

A padà sí ọgbà. Nọ́ọ̀sì sọ̀ kalẹ̀, ó yẹ̀ ẹ́ wò yí ká, ó sì dúró níwájú ìyàwó àbúrò mi.

"Wọ́n ní ìwọ lo fi nǹkan náà sí i tẹ́lẹ̀."

"Ẹ má bínú, mà."

"Ọ̀rọ̀ ìbínú kọ́. Ẹni méjì ni mò ń gbé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ìyá àti ọmọ inú rẹ̀. Bí ọ̀pá yẹn bá já lórí òkè ńkọ́? Ṣé o mọ ohun tí wọ́n fi lé ọ lọ́wọ́ rárá?"

"Ẹ má bínú, mà." Ó ti kúnlẹ̀ lórí òkúta wẹ́wẹ́. Kò wo apá ọ̀dọ̀ mi.

Ọ̀gá mú ọ̀pá lọ́wọ́ mi, ó nu ún sí ara ẹ̀wù rẹ̀. Ó ti rẹ̀ ẹ́, mo rí i lójú rẹ̀ pé kò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ pọ̀. Ó wo ìyàwó àbúrò mi, ó mí kanlẹ̀. Ó yíjú sí mi, ó sì na ọ̀pá náà padà sí mi, níwájú gbogbo wọn.

"Ọdún mọ́kàndínlógún," ló wí. "Gbà á."

Ọwọ́ mi kàn án. N kò ní purọ́. Ó dán, ó tutù, ó sì wọ àtẹ́lẹwọ́ mi bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n ti gbẹ́ ẹ. Mo ti lá àlá ọ̀pá yẹn. Bí mo bá dákẹ́ fún ìwọ̀n ìmí kan péré sí i, ó di tèmi, kò sì sí ẹni tí yóò bi mí léèrè láéláé, àfi Ẹni tí kò nílò ọ̀pá kí ó tó gbọ́.

"Ọ̀gá, kì í ṣe kírọ́ọ̀sì."

"Sọ̀rọ̀ sókè."

Ẹ wò ó bí Ọlọ́run ṣe ń ṣiṣẹ́ Rẹ̀. Mo ní láti fi ohùn ìsàlẹ̀ mi, ohùn tí mo fi ń yangàn, kígbe rẹ̀ kí gbogbo ọgbà gbọ́. "Mo ní kì í ṣe kírọ́ọ̀sì! Irin abẹ́ sípíríǹgì ni! Èmi ni mo fi í sí òdì! Ìyàwó ló rí i lánàá, ó sì bò mí láṣìírí!"

Nọ́ọ̀sì yíjú sí mi. Jórinjórin bọ́ agbojú rẹ̀ sílẹ̀.

"Ìwọ?" ni Ọ̀gá wí. "Ìwọ tó mọ iṣẹ́ yìí? Báwo ló ṣe ṣẹlẹ̀?"

"Ẹ̀ ń yìn ín lọ́jọ́ náà. Mo ń fetí sí i."

Ó wò mí pẹ́. Àgbà ni, kò bi mí ní ìtumọ̀ rẹ̀. Mo na ọ̀pá náà padà sí i pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Ó gbà á, ó rìn lọ síbi tí ìyàwó àbúrò mi kúnlẹ̀ sí, ó sì gbé e lé e lọ́wọ́. Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Nọ́ọ̀sì ló fà á dìde, ó gbọn òkúta kúrò ní orúnkún rẹ̀.

"Kí ló dé tí ìwọ náà ò sọ?" ni Nọ́ọ̀sì ń bi í. "Tí o jẹ́ kí n máa bú ọ?"

"Aṣọ tèmi kọ́ ló wà lórí díńgí lọ́jọ́ tí wọ́n fi irin yẹn sí i, mà. Ẹni tó ni aṣọ ló ni ọ̀rọ̀."

Mo bọ́jú lẹ́nu ẹ̀rọ omi, mo sì bẹ Nọ́ọ̀sì lórí ìdọ̀bálẹ̀. Ó ní òun á rí i bóyá òun lè dárí jì mí bí òun bá gun òkè náà lẹ́ẹ̀mẹwàá láìgbọ́ ẹkún. Ọ̀rọ̀ tó tọ́ ni.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ìlara fi mí sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe rò bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo rí ọ̀pá náà lórí èjìká rẹ̀, ohun kan ta mí ní àyà bí ìgbà tí sípánà bá yọ̀ tí ìka sì lu irin. Mo mọ ìrora yẹn. Ènìyàn á gbọn ọwọ́, á sì padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé e, a péjọ fún àdúrà. Mo rò pé ìyàwó àbúrò mi, olórí wa tuntun, yóò ní kí ẹlòmíràn máa ṣáájú. Ó kàn di ojú rẹ̀, ó ń dúró dè mí bíi ti tẹ́lẹ̀. Mo pe Ọ̀gá, tó ti jókòó sílé. Mo pe Jórinjórin, mo pe rewáyà, mo pe bàbá ẹnu ọ̀nà. Lẹ́yìn náà mo dákẹ́. Mo dákẹ́ débi pé Jórinjórin la ojú kan. Mo dárúkọ ìyàwó àbúrò mi. Orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́, odindi rẹ̀, ó jáde ní ọ̀fun mi bí bóòtì tó ti dípẹtà, pẹ̀lú ariwo, ṣùgbọ́n ó jáde.

"Àmín," ló wí. Tirẹ̀ ló dún jù.

"Àdúrà òní mà gùn o," ni Jórinjórin wí. "Ṣé a lè jẹun báyìí?"

Kí ẹnikẹ́ni tó dá a lóhùn, ọkọ̀ kan ń bọ̀ ní òpópónà, ohun kan sì ń lu ohun kan lábẹ́ rẹ̀, kọ̀-kọ̀-kọ̀. Èmi àti ìyàwó àbúrò mi jọ gbé orí sókè. Ọwọ́ mi ti wà lápò ẹ̀yìn, lórí aṣọ pupa, kí n tó mọ̀.

Mo fi ọwọ́ náà síbẹ̀, n kò fa aṣọ yọ. Mo jẹ́ kí ọkọ̀ náà wọlé.